Kókó Tó Wà Lọ́rùn Ológìnní

Ológìnní náà jókòó jẹ́ẹ́. Ohun tó ba Nyevu lẹ́rù nìyẹn.

Ó ti bó gbágùúdá mẹ́ta tán kó tó tún gbójú sókè, ẹranko náà ṣì wà nídìí igi àgbọn keje, kò kúrò lójú kan. Kò mi ìrù. Eṣinṣin bà á létí, kò gbọn etí nù. Láti ọdún mẹ́fà tí Nyevu ti mọ̀ ọ́n, kò rí i rí kó jókòó pẹ́ tó bí èèyàn ṣe ń bó gbágùúdá kan ṣoṣo.

Irú ológìnní inú igbó wọn ni, èyí tí wọ́n ń pè ní kadzonzo nítorí pé ara rẹ̀ rí bí èèpo igi. Irú wọn kì í sinmi. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wọn gùn ju tiwájú lọ, orí ọmọ ìka ni wọ́n sì fi ń rìn, bí ẹni tó ń tẹ yanrìn gbígbóná. Èyí a máa sáré lórí àjà látàárọ̀, a máa fò mú tata lófuurufú, a máa da omi onílé nù, a ó sì tún máa ké bí ẹni pé òun gan-an ni wọ́n ṣẹ̀. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ gbé e, kó tó ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀jẹ̀ ti jáde lọ́wọ́ rẹ̀.

Menza, bàbá ọkọ Nyevu, ló ni ín. Ẹmu àgbọn ni Menza ń dá, iṣẹ́ tí ọmọ rẹ̀ Mwagandi náà ń ṣe. Láràárọ̀ ni ológìnní yìí máa ń gun igi ṣáájú bàbá náà, tí bàbá á sì máa pariwo pé, "Orogún mi lẹ́nu iṣẹ́ ti gòkè o! Ẹ bá mi sọ fún un kó ṣẹ́ díẹ̀ kù!" Menza náà kì í jókòó. Nyevu a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyá kan náà ló bí àwọn méjèèjì.

Ó pé ọdún méjì tí Menza ti kú. Wọ́n gbẹ́ òpó fún un, kigango tí wọ́n máa ń gbẹ́ fún àgbà tó bá wà nínú ẹgbẹ́ àwọn àgbà, wọ́n sì rì í mọ́ àgbàlá rẹ̀ kí ẹ̀mí rẹ̀ lè rí ibi gbé. Nyevu ló ya etí aṣọ léèsò rẹ̀ pupa tí wọ́n so mọ́ òpó náà lọ́rùn. Irú òpó bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá ti rì í, ibẹ̀ ló máa wà títí ikán á fi jẹ ẹ́ tán. Bí ìdílé bá ń kó lọ, wọ́n á fi í sílẹ̀, wọ́n á ri èèkàn kékeré sí ilé tuntun, wọ́n á da ẹmu sídìí rẹ̀, wọ́n á sì fi pe òkú wọn wá. Ẹnikẹ́ni kì í hú òpó. Àwọn àgbà ní òkú tí wọ́n bá lé kúrò nílé kì í bá ará ìta jà, ọmọ tirẹ̀ ló ń pa.

Ó di oṣù mẹ́ta tí wọ́n ti kó wá sí oko tuntun yìí, wọn ò sì tíì ri èèkàn fún Menza. Wọ́n fẹ́ fi agbọ̀n gbé ológìnní wá, ó fa agbọ̀n ya, ó sáré padà sí ilé àtijọ́. Wọ́n fi í sílẹ̀. Àfi ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá tó dé fúnra rẹ̀, tòun ti aṣọ pupa lọ́rùn. Nyevu rò pé Mwagandi ló so ó, Mwagandi rò pé Sidi ọmọ wọn ni. Wọn ò ronú pé kò sẹ́ni tó lè dì í mú. Láti ìgbà tó ti dé, kò gun igi ṣáájú Mwagandi mọ́. Gìgísẹ̀ rẹ̀ ló ń ha, ṣòkòtò rẹ̀ ló ń so rọ̀ mọ́, agbè ẹmu rẹ̀ ló ń dà nù.

Láàárọ̀ yìí wàyí, jẹ́ẹ́.

Mwagandi rẹ́rìn-ín. "Ìyá Sidi, wò ó, ó ti gbà pé èmi lọ̀gá." Ó ki ọ̀bẹ bọ ìgbànú, ó ki ẹsẹ̀ bọ àpá àdá tí wọ́n gé sára igi, ó gùn ún lọ.

Nyevu sún mọ́ ológìnní náà. Kò sá. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tó máa rí aṣọ ọrùn rẹ̀ dáadáa: léèsò tirẹ̀ ni, tòun ti òdòdó funfun tó wà létí rẹ̀. Ó wá rí kókó rẹ̀. Ọ̀bẹ ti gé àtàǹpàkò ọ̀tún Menza dànù nígbà èwe, nítorí náà ọwọ́ òsì ló fi ń ta gbogbo kókó, ìdí rẹ̀ á yọ sápá òsì, á sì kì í bọ abẹ́. Kò sẹ́lòmíì tó ń ta kókó bẹ́ẹ̀.

Nyevu gbójú sókè, Mwagandi ti kọjá ìdajì igi. A kì í sì í pariwo pe ẹni tó wà lórí igi.

"Bàbá Sidi," ó pè é jẹ́jẹ́.

"Ta ló kú?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀."

"Kí n wá jẹ kí ni? Gbágùúdá tí o ò tíì sè?"

"Mo ní ẹ sọ̀kalẹ̀. Ẹ rọra."

Ohùn Mwagandi yí padà. "Nyevu. Ológìnní yẹn ńkọ́?"

"Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí."

Ẹsẹ̀ Mwagandi bẹ̀rẹ̀ sí í wá àpá igi lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi kanlẹ̀. Òógùn ti bò ó. "Ẹnì kan wà lókè," ó ní. "Mò ń gbọ́ ọ̀bẹ tó ń rẹ́ òdòdó àgbọn. Mo rò pé ológìnní ló ń ha igi."

Nyevu nawọ́ sí kókó náà. Mwagandi wò ó títí, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ọmọdé.

"Èmi ni mo hú u," ó ní. "Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí ológìnní dé. Gbogbo abúlé ti lọ síbi ìsìnkú. Mo fi ẹní wé e, mo gbé e sórí kẹ̀kẹ́, ó wà lókè àká. Ọ̀bọ nìkan ló kù tó ń bá a gbé níbẹ̀, Nyevu! Ṣé kí n fi bàbá mi sílẹ̀ fún ọ̀bọ?"

"Aṣọ ọrùn rẹ̀ ńkọ́?"

"Mo tú u. Mo jù ú sínú ihò."

Nyevu fẹ́ gbá a létí, ó sì fẹ́ gbá a mọ́ra. Ìfẹ́ ló ṣe é, ìfẹ́ náà ló sì fẹ́ pa á.

Wọ́n ránṣẹ́ sí Bàbá Ngowa, ọ̀rẹ́ Menza láti kékeré, tó ń gbé ní òdìkejì odò. Ó fi ọ̀pá rìn wá, ó wo òpó náà lókè àká, ó mi orí.

"Mwagandi, o ru bàbá rẹ bí ẹni ru igi ìdáná."

"Ẹ forí jì mí, Bàbá."

"Èmi kọ́ lo ṣẹ̀."

"Ṣé ká dá a padà?" Nyevu bèèrè.

"Ẹ tún fẹ́ máa rù ú kiri? Igi lásán nìyí báyìí. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ ti jáde." Bàbá Ngowa wo ológìnní náà, ó sì tètè gbójú kúrò lára rẹ̀. Wọn ò bi í pé níbo ni ẹni náà lọ.

Wọ́n gbẹ́ èèkàn kékeré, wọ́n rì í sídìí igi keje. Mwagandi kúnlẹ̀, ó da gbogbo ẹmu àárọ̀ ọjọ́ náà síbẹ̀, ó bẹ bàbá rẹ̀ tẹkúntẹkún. Nyevu di etí aṣọ rẹ̀ mú, ó fẹ́ ya á, àmọ́ Bàbá Ngowa mi orí, ó tọ́ka sí ológìnní. Ológìnní na ọrùn fún wọn.

Nyevu fọwọ́ kan kókó náà, kò tú. Ọrùn ẹranko náà tutù, ó sì le gbagidi bí igi. Ó yáa fa ọwọ́ padà. Mwagandi, tí bàbá rẹ̀ fi kókó yẹn kọ́ níṣẹ́, ló tú u. Ó so aṣọ náà mọ́ èèkàn bí òun ṣe máa ń ṣe, ìdí kókó rẹ̀ sì yọ sápá ọ̀tún.

Lójú ẹsẹ̀ ni ológìnní gbọn etí, ó sín, ó ha Mwagandi lọ́wọ́, ó fò sórí òrùlé, ó lé alángbá títí dé ẹ̀yìnkùlé, ó sì ti agbè òfìfo ṣubú bó ṣe ń padà bọ̀. Nyevu rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ológìnní ló kọ́kọ́ gun igi keje. Mwagandi tẹ̀ lé e. Nyevu dúró nísàlẹ̀, ó ń ka àpá igi bó ṣe ń gòkè àti bó ṣe ń bọ̀, títí ọkọ rẹ̀ fi sọ̀ láyọ̀ tòun ti agbè tó kún. Ó gba agbè náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí èèkàn láti da ti Bàbá.

Aṣọ pupa wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kókó tí ọkọ rẹ̀ ta sí ọ̀tún lójú gbogbo wọn ti wà lápá òsì, ìdí rẹ̀ sì ti bọ́ sábẹ́ dáadáa.

Kò pe Mwagandi. Ó da ẹmu náà díẹ̀díẹ̀, títí agbè fi gbẹ.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá," ó ní.