Yàrá Ẹ̀yìn Nílé Lágúnjú

Láoyè Lágúnjú sá fún àrùn Kòrónà láti Èkó wá sí Ilé-Ifẹ̀, ó sì gbé e wọ yàrá ìyá rẹ̀ láìmọ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan ni, lọ́dún 2020, lásìkò kónílé-ó-gbélé. Ní ilé Lágúnjú ní àdúgbò Ilare, omi ń hó lórí iná. Ìyá Àníkẹ́, ìyá Láoyè, jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Mojíre, ọmọ ọmọ rẹ̀, ń múra láti jáde. Yunifásítì ti tì, ni òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Ìmísí, ọmọ àdúgbò Mayfair, bá dara pọ̀ mọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó yọ̀ǹda ara wọn. Wọ́n ń gbé omi àti ọṣẹ sẹ́nu ọ̀nà àwọn ilé, wọ́n ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń fi ìbòmú bo imú àti ẹnu, wọ́n sì ń bá ẹni tó bá ti ìlú mìíràn dé wá yàrá tí yóò dá gbé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Yàrá kò wọ́n. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé àdúgbò ti lọ sílé wọn. Ọ̀kan ṣófo lẹ́yìn ilé Lágúnjú gan-an, ó ní ilẹ̀kùn tirẹ̀ àti fèrèsé méjì. Mojíre ti gbá a de ẹni tó bá ti ìrìn-àjò dé, ó sì ti gbé ike omi síbẹ̀.

Ọkọ̀ oúnjẹ nìkan ni wọ́n ń jẹ́ kó kọjá lójú ọ̀nà, ọkọ̀ tòmátò ló sì gbé Láoyè dé. Ó bọ́ sílẹ̀ láàárín àwọn apẹ̀rẹ̀, omi tòmátò ti rin ṣòkòtò rẹ̀. Ìyá Àníkẹ́ ju atẹ sílẹ̀, ó fi oríkì pe ọmọ rẹ̀.

"Àkànní! Àkànní ọkọ mi!"

Mojíre sáré bọ́ sí àárín wọn. "Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Dádì Èkó, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí yàrá ẹ̀yìn, mo ti tún un ṣe."

"Yàrá wo?" Oyèkúnlé, àbúrò Láoyè, tó jẹ́ bàbá Mojíre, ló bèèrè. Ó ti jáde pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu.

"Yàrá àwọn akẹ́kọ̀ọ́, Dádì. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni. Èmi ni màá máa gbé oúnjẹ wọn sẹ́nu ọ̀nà."

Oyèkúnlé tutọ́ sílẹ̀. "Yàrá ayálégbé? Àkọ́bí ilé yìí? Kí gbogbo Ilare gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n mi dé, mo lọ tò ó sí ibi tí àjèjì ń sùn?"

"Dádì, ara èèyàn lè le kí àrùn náà ti wà lára rẹ̀."

Láoyè rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ yìí, wò mí dáadáa. Ṣé mo jọ òkú?"

Nínú ilé yẹn, bí àkọ́bí bá ti ìrìn-àjò dé, yàrá ìyá rẹ̀ ló ń sùn, inú àwo kan náà ni wọ́n sì ń jẹun títí yóò fi padà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bá a. Ìyá Àníkẹ́ fa Láoyè lọ́wọ́.

"Ọmọ tí mo bí ni n óò wá máa sá fún? Kọjá síbẹ̀, Mojíre."

Wọ́n wọlé. Ilẹ̀kùn tì.

Oyèkúnlé fa ọmọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bí àwọn ọmọ Kòrónà ẹgbẹ́ rẹ bá dé, kò sí àlejò níbí. Bí o bá tú àṣírí ilé, wá ilé bàbá mìíràn lọ."

Lọ́jọ́ yẹn, Mojíre àti Ìmísí dé ọ̀dọ̀ Ìyá Sùmáyà, tí ọmọkùnrin rẹ̀ ti Kánò dé. Obìnrin náà ti ya yàrá sọ́tọ̀ fún un.

"Ẹ̀yin ọmọ Kòrónà, ẹ tún ti dé!" ni Ìyá Sùmáyà wí. "Ojú fèrèsé ni mo ti ń bú ọmọ mi báyìí o. Ó ní ìbòmú mi ò jẹ́ kóun gbọ́ èébú náà dáadáa."

Ìmísí rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí Mojíre. "Ilé tiyín ńkọ́? Ẹnikẹ́ni dé?"

"Rárá," ni Mojíre wí.

Nígbà tó yá, Láoyè bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Oyèkúnlé ní ibà ni, ó se àgbo dóńgóyárò. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Mojíre ń gbálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà nígbà tó gbọ́ ohùn Láoyè nínú yàrá.

"Màmá, ẹ ò fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ yìí."

"Iyọ̀ wà ńbẹ̀, Àkànní. Ó tilẹ̀ pọ̀ jù."

Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ Mojíre. Wọ́n ti kọ́ wọn pé bí ẹnu èèyàn kò bá mọ adùn mọ́, kí wọ́n má ṣe fojú fò ó. Ó sá lọ sẹ́yìn ilé, ó pe Ìmísí lórí fóònù.

"Mo purọ́ fún ẹ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà nílé. Ó ń wúkọ́. Yàrá ìyá àgbà ló ń sùn."

Ìmísí dá a lóhùn: "Má sunkún, gbọ́. Mú ìyá àgbà kúrò níbẹ̀ báyìí. Ṣí gbogbo fèrèsé. Gbogbo yín, ẹ bo imú àti ẹnu. Ya abọ́ àti ife wọn sọ́tọ̀, kí o sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ ní gbogbo ìgbà tí o bá fi kan nǹkan wọn. Màá pe àwọn òṣìṣẹ́ ìlera."

"Bàbá mi máa lé mi jáde."

"Kó lé ẹ. Ẹni tó bá wà láàyè la máa ń bẹ̀."

Mojíre ti ilẹ̀kùn yàrá náà wọlé. Ìyá Àníkẹ́ wà lórí ibùsùn, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí ẹni tó sáré. Ètè rẹ̀ ti ń dúdú. Òun náà ti ń wúkọ́ láti ìjẹta. Inú aṣọ ìbora ló ń wúkọ́ sí, kí wọ́n má baà sọ pé ọmọ rẹ̀ ló kó o ràn án.

"Ó kàn rẹ̀ mí ni," ó wí. "Má pariwo."

Ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn dé láti gbé Ìyá Àníkẹ́ àti Láoyè, àwọn èèyàn sì pé jọ sójú títì. Ẹnì kan kígbe pé, "Ilé ọmọ Kòrónà rèé! Ó ń kọ́ wa, kò kọ́ bàbá ẹ̀!"

"Ẹ panu dé," ni Ìyá Sùmáyà dáhùn. "Ẹ lọ fọwọ́ yín."

Oyèkúnlé ń sọ fún dókítà nílé ìwòsàn pé ibà ni. Dókítà kò jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Bàbá, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń mí. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Wọ́n ní láti ìjẹta ni."

"Ìjẹta ló yẹ kí ẹ ti gbé wọn wá."

Wọ́n fún Ìyá Àníkẹ́ ní afẹ́fẹ́ ọ́síjìn. Kò gbà á là. Ó kú nígbà tí Láoyè ṣì wà níbi tí wọ́n ya àwọn aláìsàn sọ́tọ̀ sí. Orí fóònù ni Oyèkúnlé ti túfọ̀ rẹ̀ fún un. Láoyè bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dúró de òun kí wọ́n tó sin ìyá òun. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ló ń sin ẹni tí àrùn náà bá pa, wọn kò sì lè dúró.

Ẹni tó bá ti ibi tí àrùn wà dé, ẹ fún un ní yàrá tirẹ̀ àti abọ́ tirẹ̀, ẹ sì kí i láti òkèèrè. Ìyẹn kì í ṣe ìwọ̀sí. Ẹ má dúró kí ó wúkọ́ kí ẹ tó ṣe é. Bí arúgbó bá wà nílé, ẹ má jẹ́ kí wọ́n jọ sùn, ì báà jẹ́ ọmọ bíbí inú rẹ̀. Ẹ má purọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń ti ilé kan bọ́ sí èkejì nítorí yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ náà, ilé bàbá yín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, bí wọ́n bá tilẹ̀ máa lé yín. Àrùn mìíràn lè tún dé.

Ara Láoyè yá, wọ́n sì dá a sílẹ̀. Nígbà tó délé, kò wọ yàrá ìyá rẹ̀. Yàrá ẹ̀yìn ló gbà lọ, ó sì ti ilẹ̀kùn. Òun ni àkọ́bí. Òun ló yẹ kó kọ́kọ́ bu erùpẹ̀ sórí ìyá rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìlera kan tó fi aṣọ funfun bo ara rẹ̀ látorí dé ẹsẹ̀ ló bu ú, ẹni tí kò mọ orúkọ obìnrin náà.