Ẹyẹlé Tó Kú sí Yàrá Ẹ̀gbọ́n

Òkú ti sun oorun ọjọ́ kan nínú ilẹ̀ kí ìròyìn rẹ̀ tó dé etí Ìyàwó Kékeré. Ọsibítù ló wà, níbi tí dókítà ti ń gbọ́ bí ọkàn ọmọ rẹ̀ ṣe ń lù, nígbà tí awakọ̀ ọkọ̀ ẹrù pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyàwó, ẹ kú àdánù o. Ẹ̀gbọ́n ọkọ yín ti kú láàárọ̀ àná. Wọ́n ti sin ín."

"Yéè! Kí ló pa wọ́n?"

Awakọ̀ wo ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì yára wo ibòmíràn. "Ẹ sáà wọ ọkọ̀. Nílé ni wọ́n á ti sọ fún yín."

Ọmọ sùn ní gbogbo ọ̀nà, orí rẹ̀ rọ̀ mọ́ ìyá rẹ̀ lẹ́yìn bí aṣọ tútù. Lọ́jọ́ tí wọ́n bí i ni nọ́ọ̀sì ti fi ojú rẹ̀ tó fà sókè díẹ̀ hàn án, àti àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó ní ìlà kan ṣoṣo. Ó ní, "Dáùn ni wọ́n ń pè é. Inú oyún ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò fi ṣe yín. Yóò pẹ́ kó tó jókòó, yóò pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ máa bá a ṣeré, ẹ máa bá a sọ̀rọ̀." Ọ̀rọ̀ yìí ló fi ń rẹ ara rẹ̀ lẹ́kún. Ará ilé kò gbọ́ ọ. Òwìwí tó bà sórí òrùlé nírọ̀lẹ́ tí wọ́n gbé ọmọ dé, tó ké títí ilẹ̀ fi ṣú, òun ni wọ́n gbọ́.

"Ẹ ò rí i bó ṣe ń yọ ahọ́n?" Bẹ́ẹ̀ ni Ìyálé, ìyàwó Ẹ̀gbọ́n, máa ń wí fún àwọn tó wá ra ọkọ́ àti àdá. "Ẹ̀jẹ̀ ló ń tọ́ wò."

Ìyálé yìí ló dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà àgbàlá. Ó gbá a létí kó tó sọ ẹrù kalẹ̀.

"Àjẹ́! O jẹ ẹ́ tán, o tún padà wá lá àwo!"

"Ìyálé mi, kí ni mo ṣe?"

"Ọkọ mi sùn lóru òjò, kò jí. Kò sí àpá lára rẹ̀, kò ké. Ẹyẹlé rẹ̀ méjì tó wà nínú àgò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn kú tẹ̀ lé e. Irú ikú wo ló ń pa èèyàn pa ẹyẹ lẹ́ẹ̀kan náà?"

"Ọsibítù ni mo sùn!"

"Ara rẹ ló sùn níbẹ̀!"

Àwọn èrò pariwo. Òkúta kan fò wá, ó bà á lókè ojú, ẹ̀jẹ̀ sì dí i lójú.

"Ẹ bi í léèrè ibi tó ń lọ lọ́jọ́ Ọjọ́rú!" obìnrin kan ké. "Ilé Aránṣọ ni! Wọ́n á fa kọ́tìnnì, wọ́n á tìlẹ̀kùn. Mo yọjú lójú ihò. Àwọn obìnrin jókòó yíká, oníkálùkù gbé ọmọ lé itan, ojú kan náà sì ni gbogbo àwọn ọmọ náà ní!"

Òótọ́ ló sọ. Aránṣọ ní ọmọbìnrin kan tó ti bàlágà, Dáùn ni òun náà, òun ló ń rán bọ́tìnnì fún ìyá rẹ̀. Ilé yẹn ni wọ́n ti kọ́ Ìyàwó Kékeré bí a ṣe ń di ọmọ mú lágbọ̀n kó lè rí ọmú fà. Ilé yẹn nìkan ni ẹnikẹ́ni ti kí i pé ẹ kú ewu ọmọ. Wọ́n ń fa kọ́tìnnì nítorí àwọn tó ń da iyẹ̀pẹ̀ lé wọn lórí ní títì. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dúró gbọ́?

Àwọn èrò fi ọmọ odó nà án. Ó yí ọmọ sí àyà, ó tẹrí ba bò ó, ó ń fi ẹ̀yìn gba ìyà. Ó wo ọkọ rẹ̀, alágbẹ̀dẹ ilé náà. Alágbẹ̀dẹ ká apá mọ́ àyà, apá tó ń tẹ irin bí ẹni tẹ ìyẹ̀fun.

"Ẹ má pa á síta," ọkọ rẹ̀ wí. "Ẹ jẹ́ n tì í mọ́ yàrá Ẹ̀gbọ́n. Bó bá jẹ́wọ́, a ó ṣílẹ̀kùn."

Òjò ti ṣú. Nílé alágbẹ̀dẹ yìí, wọn kì í jẹ́ kí iná àgbẹ̀dẹ kú. Bí òjò bá ń bọ̀, wọ́n á kó ẹ̀yinná sínú agbada irin, wọ́n á gbé e sí yàrá àgbà ilé títí òjò yóò fi dá. Alágbẹ̀dẹ ti ìyàwó rẹ̀ wọlé, ó sì gbé agbada tẹ̀ lé e bí ó ti ń ṣe láti kékeré. Kò tilẹ̀ rò ó. Ó fi irin dábùú ìlẹ̀kùn.

Yàrá náà dúdú. Wọ́n ti fi àkísà dí etí fèrèsé, wọ́n dí gbogbo ihò abẹ́ òrùlé. Ẹ̀yinná pọ́n dáadáa, kò rú èéfín. Ó jókòó, ó ń gbọ́ òjò. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, oorun kan dé, oorun dídùn, bí ìgbà tí ìyá ẹni bá ń fọwọ́ pa irun ẹni. Ó kù díẹ̀ kó sùn.

Ọmọ bì sí i láyà. Ìyá rẹ̀ fi ìka ta á ní gìgísẹ̀. Ọmọ kò ké.

"Báyìí ni Ẹ̀gbọ́n ṣe sùn," ó wí lọ́kàn ara rẹ̀.

Ó dìde, ó ṣubú. Ó rákò, ọwọ́ rẹ̀ ba ọmọ owú, òòlù àgbẹ̀dẹ, lábẹ́ ibùsùn, ó sì fi lu fèrèsé. Pákó ya, ó ya òun náà lọ́wọ́. Ó tún lù ú. Fèrèsé fọ́. Ó gbé ọmọ yọ síta sínú òjò.

Ọwọ́ kan gbà á. Aránṣọ ni, tó ti sáré wá nígbà tó gbọ́ ariwo, sísọ́ọ̀sì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó gbọn ọmọ, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu. Ọmọ húkọ́. Ó ké.

"Ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ̀yin apànìyàn!" Aránṣọ pariwo.

Alágbẹ̀dẹ ṣí i. Kò tíì gbẹ́sẹ̀ kejì wọlé tí ojú rẹ̀ fi ń pòòyì. Ìyàwó rẹ̀ rákò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ju àkísà fèrèsé sí Ìyálé lẹ́sẹ̀.

"Ta ló dí fèrèsé?"

Ìyálé fi ẹsẹ̀ ti àkísà náà sẹ́yìn.

"Mo ní ta ló dí i?"

"Ọkọ mi ni," Ìyálé wí. "Ó ní ẹyẹ yín ò ní rí ihò wọlé bá òun. Èmi... èmi ni mo ya aṣọ fún un."

"Ìbẹ̀rù ọmọ mi ni wọ́n fi dí ihò, wọ́n wá gbé iná wọlé, wọ́n tìlẹ̀kùn. Oró iná yẹn tí kò rí ibi jáde ló pa wọ́n, òun ló pa ẹyẹlé. Ó kù díẹ̀ kó pa èmi náà."

Ìyálé bẹ̀rẹ̀ sí í forí gbá ògiri, ó ń gbá a, kò sì sẹ́ni tó dì í mú. Ẹni tó sọ òkúta ti ń wá ọ̀nà ilé rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

"Ìyá ọmọ mi, foríjì mí. Ẹ̀rù ló bà mí. Wọlé, jẹ́ n fọ ojú rẹ."

Ìyàwó Kékeré gba ọmọ lọ́wọ́ Aránṣọ, ó pọ̀n ọ́n, ó sì so ọ̀já le.

"Bàbá ọmọ mi, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní bá yín gbé mọ́. Ilé Aránṣọ ni èmi àti ọmọ mi ń lọ, ibẹ̀ la ó sì máa gbé. Ẹ má tẹ̀ lé wa."