Pọ́ǹpù Tí Sọ̀fíyátù Yàn

Pọ́ǹpù táyà mẹ́ta ni Kàmálù tò sórí tábìlì níwájú Sọ̀fíyátù. Ó ní kí ó mú èyí tí ó bá fẹ́, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu òun ná. Ṣọ́ọ̀bù kékeré ni Kàmálù ní ní Kokomlemle ní Accra, ohun èlò ọkọ̀ kún inú rẹ̀ dé òrùlé, ooru ibẹ̀ kò sì ṣe é fẹnu sọ. Sọ̀fíyátù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ilé ẹ̀kọ́ bọ̀ ni, ebi ń pa á, ẹsẹ̀ ń dùn ún. Ká ní ó rí ibi jókòó ni, ì bá ti jókòó.

Àtàndá, bàbá rẹ̀, ló rán an. Ọkọ̀ oníbátìrì ni Àtàndá fi ń gbé èrò káàkiri Accra, irú èyí tí kì í mu epo, tí wọ́n ń ṣáàjì bí ẹni ń ṣáàjì fóònù. Àwọn èèyàn a máa rò pé ẹni tó bá ń wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ wàhálà. Kí wọ́n wá wo Àtàndá. Bó bá ti kírun Àsùbáà tán, yóò lọ tò síbi tí wọ́n ti ń ṣáàjì ọkọ̀, láti ibẹ̀ ni yóò ti máa gbé èrò títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Bó bá wọlé, orí àga ni oorun ti máa ń gbé e lọ, ṣíbí á ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó tún wá burú jù ni táyà ẹ̀yìn kan tí ń jò díẹ̀díẹ̀. Wọ́n lẹ̀ ẹ́, wọ́n tún un lẹ̀, pàbó ló já sí. Ẹni tó ni ọkọ̀ sì ń sọ lójoojúmọ́ pé táyà tuntun ń bọ̀. Ọkọ̀ náà kò ní sípíà tí wọn ì bá fi pààrọ̀ rẹ̀, nítorí bátìrì ló gba gbogbo abẹ́ ọkọ̀. Bí táyà bá ti rọ̀, àfi kí Àtàndá rọra wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà, kí ó sì jókòó tì í bí ẹni ń ṣọ́ aláìsàn.

Ìdádúró yẹn nìkan kọ́ ló ń bà á lẹ́rù. Ìyá Àjọkẹ́ tó wà ní Ashaiman lẹ́bàá Tema ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ìyá Àjọkẹ́ ni àbúrò ìyá rẹ̀, òun ló gbà á tọ́ láti kékeré, ó sì ti ń ṣàìsàn tipẹ́. Obìnrin ni gbogbo ọmọ tí ìyá náà bí. Ó ti sọ fún Àtàndá pé lọ́jọ́ tí òun bá lọ, òun kò fẹ́ kí ọwọ́ àjèjì gbé òun sọ̀kalẹ̀ sínú sàréè, Àtàndá ni kí ó gbé òun. Àtàndá sì ṣèlérí. Bẹ́ẹ̀, àwa Mùsùlùmí kì í fi òkú jáfara; ẹni tó bá kú láàárọ̀, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú ni wọn yóò ti sin ín.

“Lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè mí láti Ashaiman,” ni Àtàndá wí fún ọmọ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, “mi ò fẹ́ kí táyà dá mi dúró. Bá mi yan pọ́ǹpù lọ́dọ̀ Kàmálù. Èyí tí ń fa iná lára ọkọ̀ ni kóo mú.”

Kàmálù ṣàlàyé fún un dáadáa. Ó ní èyí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ yóò kàn da bàbá rẹ̀ láàmú ni. Ó gbé dúdú ńlá kan tí wáyà rẹ̀ gùn, ó ní ara ọkọ̀ gan-an ni ó ti ń gba iná, nítorí náà níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀mí bá wà lára ọkọ̀, yóò ṣiṣẹ́. Ohun kan ṣoṣo tó burú nípa rẹ̀ ni ariwo: ó ń pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta. Ẹ̀kẹta jẹ́ funfun, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó wà nínú àpò aláwọ̀ búlúù. Ó ní bátìrì tirẹ̀ nínú, ó ní iná tó ń mọ́lẹ̀, ó sì lè ṣáàjì fóònù.

“Eléyìí dáa fún alùpùpù,” ni Kàmálù sọ. “Ọkọ̀ bàbá ẹ wúwo. Bí bátìrì inú pọ́ǹpù yìí bá sì ti lọ, ó parí nìyẹn. Mú dúdú lọ bá wọn, Sọ̀fí.”

Sọ̀fíyátù gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára funfun. Ní Cow Lane tí wọ́n ń gbé, iná kì í pẹ́ lọ, ìdánwò àṣejáde sì ti kù fẹ́ẹ́fẹ́. Orí fóònù ni àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ti ń fi ìbéèrè ìdánwò ránṣẹ́ síra wọn, tirẹ̀ sì máa ń kú nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú ọ̀rọ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni olùkọ́ ìṣirò yin gbogbo ẹni tó ti yanjú ìbéèrè àná, Sọ̀fíyátù kò tilẹ̀ tíì rí ìbéèrè náà. Ó ti sú u kí ó máa wà lẹ́yìn nígbà gbogbo. Àmínátù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jókòó ní kíláàsì, tó sì sìn ín wá sí ṣọ́ọ̀bù, fi ìgúnpá gún un.

“Mú funfun yẹn jàre, ó fíìnì paa,” ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí i létí. “Pọ́ǹpù ni pọ́ǹpù. Ṣé dádì ẹ á mọ ìyàtọ̀ ni?”

Ni Sọ̀fíyátù bá sọ fún Kàmálù pé funfun ni bàbá òun ní kí òun mú. Kàmálù wò ó, ó gbé èjìká, ó sì dì í fún un. Nígbà tí ó délé, ó ní Kàmálù ló sọ pé funfun ló dára jù. Àtàndá yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó béèrè ibi tí wáyà rẹ̀ wà. Ọmọ ní irú tòde òní kì í lo wáyà mọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ara Àtàndá le lálẹ́ ọjọ́ náà ni, bóyá ì bá tún béèrè nǹkan kan. Ó kàn ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ó gbé orí lé àga, ó sùn lọ.

Lóòótọ́, pọ́ǹpù náà kọ́kọ́ ń gbìyànjú. Yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ láàárọ̀ bí ẹni tó gun òkè, ṣùgbọ́n táyà yóò wú. Bí Àtàndá bá ti wálé nírọ̀lẹ́, Sọ̀fíyátù yóò yọ ọ́ nínú ọkọ̀, yóò fi ṣáàjì fóònù rẹ̀, nígbà tí iná bá dé, yóò ṣáàjì òun náà padà. Máàkì rẹ̀ nínú ìṣirò ń lọ sókè, Àmínátù kò fi fóònù rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Inú rẹ̀ dùn. Ó sì máa ń sọ fún ara rẹ̀ pé kò sẹ́ni tí òun pa lára.

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n pè láti Ashaiman. Ìyá Sọ̀fíyátù tó ti ń bá wọn tọ́jú aláìsàn níbẹ̀ ló pè, ó ní Ìyá Àjọkẹ́ ti dákẹ́ lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, wọn yóò sì sin ín lẹ́yìn Àìlà. Àtàndá ti gbé èrò lọ sọ́nà jíjìn. Ó já wọn sílẹ̀, ó sáré padà wá gbé ọmọ rẹ̀. Ó béèrè bóyá pọ́ǹpù wà nínú ọkọ̀, Sọ̀fíyátù ní ó wà nínú báàgì òun. Kò sọ pé iná kò dé láti àná, àti pé fóònù òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fa gbogbo agbára pọ́ǹpù náà gbẹ. Ó ń gbàdúrà nínú pé kí táyà dúró lónìí nìkan.

Táyà kò dúró. Orí títì márosẹ̀ tó lọ sí Tema ni wọ́n wà nígbà tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àtàndá yà sétí títì, ó na ọwọ́ sẹ́yìn fún pọ́ǹpù. Sọ̀fíyátù fà á yọ. Wáyà fóònù rẹ̀ ṣì rọ̀ mọ́ ọn lára. Àtàndá wo wáyà náà, ó yọ ọ́ kúrò, ó sì fi pọ́ǹpù há ẹnu táyà. Pọ́ǹpù mí lẹ́ẹ̀kan, ó mí lẹ́ẹ̀kejì, ó dákẹ́.

Oòrùn ń pa wọ́n níbẹ̀. Àwọn tírótìró, bọ́ọ̀sì akérò, tó ń kọjá ti kún fọ́fọ́, wọn kò dúró. Àtàndá kò lè fi ọmọbìnrin rẹ̀ sílẹ̀ létí títì kí ó máa sáré lọ, kò sì lè fi ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ sílẹ̀. Ó ń juwọ́ sí gbogbo ọkọ̀ títí ọwọ́ fi ro ó. Nígbà tó yá, ó jókòó sórí irin etí títì, ó di orí mú. Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí àkókò Àìlà fi dé. Ó ṣe àlùwàlá pẹ̀lú omi inú ike, ó kírun sórí koríko, Sọ̀fíyátù sì mọ̀ pé ní wákàtí yẹn gan-an ni wọ́n ń kírun sí òkú lára ní Ashaiman.

Awakọ̀ kan tó ń sọ èdè Twi ló dúró fún wọn nígbẹ̀yìn. Dúdú oníwáyà ni pọ́ǹpù tirẹ̀. Ó so ó mọ́ ara ọkọ̀ Àtàndá, ariwo sọ, kò sì pẹ́ rárá tí táyà fi le.

Àwọn èèyàn ń ti ibi ìsìnkú bọ̀ nígbà tí wọ́n dé. Ọkùnrin kan ní àdúgbò, tí àwọn ọmọ olóògbé kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀, ló wọ inú sàréè lọ gba ìyá wọn sílẹ̀. Ràfíátù, àkọ́bí Ìyá Àjọkẹ́, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ ti wú.

“Bọ̀dá Àtàndá,” ló wí, “èrò wo lẹ lọ ń gbé tí Màámi fi dúró dè yín tì?”

“Ẹ má bínú,” ni Àtàndá dáhùn. “Èmi ni mo pẹ́.”

Ó fi mọ síbẹ̀. Ràfíátù yí ẹ̀yìn sí i, ó wọlé lọ.

Nígbà tí wọ́n ń padà sí Cow Lane, Sọ̀fíyátù béèrè ìdí tí kò fi sọ òótọ́ fún wọn. Àtàndá ní òun rí wáyà fóònù náà, ó sì yé òun. “Ṣé kí n wá fà ọ́ lé wọn lọ́wọ́ lórí òkú?” ló béèrè. Kò bá a wí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ì bá sàn ká ní ó nà án. Láti ọjọ́ náà, Sọ̀fíyátù kò lè ka ìwé kankan kí ó yé e.

Lọ́jọ́ fìdáù ọjọ́ kẹjọ, gbogbo ẹbí pé sí Ashaiman. Àtàndá ti wakọ̀ láti òwúrọ̀ kí ó tó wá, ó sì jókòó sórí ẹní lẹ́bàá ògiri níta. Ràfíátù ń kí àwọn àlejò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbé oúnjẹ fún wọn, nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Àtàndá, ó fò ó dá. Àwọn kan ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀ pé ọmọ tí wọ́n tọ́ dàgbà ka èrò ọkọ̀ sí ju ẹni tó tọ́ ọ lọ. Àtàndá gbọ́ wọn. Ó kàn di ojú.

Sọ̀fíyátù kò lè fara dà á mọ́. Ó tọ Ràfíátù lọ láàárín àwọn obìnrin, ó kúnlẹ̀.

“Àǹtí, kì í ṣe èrò ló dá Dádì dúró,” ló wí, omijé ti bọ́. “Èmi ni. Wọ́n ní kí n yan pọ́ǹpù tó máa gbé wọn débí lọ́jọ́ tí ẹ bá pè wọ́n. Mo yan èyí tó máa ṣáàjì fóònù mi. Mo purọ́ fún wọn, mo tún lo agbára rẹ̀ tán. Ìyẹn ló dá wa dúró lọ́nà.”

Ìyá rẹ̀ kígbe orúkọ rẹ̀. Ràfíátù dúró, abọ́ oúnjẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun gbọ́. Ó ní ó dun òun, ó ń dun òun gidigidi, nítorí a kì í tún òkú sin lẹ́ẹ̀mejì, kò sí ohun tí ẹkún Sọ̀fíyátù lè dá padà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó jáde síta, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àtàndá tí oorun ti gbé lọ, ó fọwọ́ kàn án léjìká.

“Bọ̀dá,” ló wí, “ẹ dìde.”

Àtàndá ta jí. Ó ń wá bàtà rẹ̀ kiri, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ nàró.

“Ṣé wọ́n ti pè wá láti Ashaiman?” ló béèrè, bí ẹni pé ilé ni ó ṣì wà.

Ràfíátù di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó bú sẹ́kún, ó sì ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Sọ̀fíyátù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n. Ó yé e lọ́jọ́ náà pé bí ẹnì kan bá ní ká yan nǹkan fún òun, ohun tí onítọ̀hún nílò ló yẹ ká máa wò, kì í ṣe èyí tó wù wá. Ẹni tó bá fi irọ́ kékeré gba ohun tó wù ú kò mọ ẹni tí yóò jìyà rẹ̀. Ti Sọ̀fíyátù, bàbá rẹ̀ ló jẹ ẹ́, ọkùnrin tó ti rẹ̀ tẹ́lẹ̀.