Ta Ló Máa Mú Bọ́ọ̀lù?

Oore-ọ̀fẹ́ jí láàárọ̀ Sátidé. Ó wọ ìbọ̀wọ́ bọ́ọ̀lù rẹ̀ kó tó fọ ẹnu.

"Ṣé ìbọ̀wọ́ lo máa fi mu ẹ̀kọ ni?" ni màmá rẹ̀ wí.

Lónìí, ẹgbẹ́ sọ́fítíbọ́ọ̀lù rẹ̀, Fájuyì, máa pàdé àwọn ọmọ Ìyìn. Bí Fájuyì ò bá borí, ìdíje ti parí fún wọn.

Ẹgbẹ́ Fájuyì dára o! Bùsáyọ̀ máa ń ju bọ́ọ̀lù, fíììì! Ojú kì í rí i. Ṣọlápé máa ń fi igi gbá a, kọ̀ọ̀! Ó di ẹ̀yìn ọgbà.

Bí wọ́n bá mú bọ́ọ̀lù kó tó balẹ̀, ẹni tó gbá a ti jáde nínú eré nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀lù bá lọ sókè, wàhálà dé.

"Àǹtí Mùlíkàt, ẹ mú un, mà," ni Oore-ọ̀fẹ́ máa ń wí. Òun ló kéré jù nínú ẹgbẹ́, Mùlíkàt sì jù ú lọ.

"Rárá, àbúrò mi, ìwọ mú un."

"Ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n, mà."

"Ìwọ lo sún mọ́ ọn."

Gbì! Bọ́ọ̀lù ti bọ́ sílẹ̀.

Tíṣà Bámgbóyè, tó ń kọ́ wọn ní eré náà, di orí mú. "Ẹ̀yin ọmọ yìí! Bọ́ọ̀lù kì í dúró gba ìkíni! Ẹni tó bá máa mú un, kó pariwo pé, 'Tèmi ni!' Kí ẹnì kejì yà."

Kí òun pariwo mọ́ ẹ̀gbọ́n? Oore-ọ̀fẹ́ mi orí.

Eré bẹ̀rẹ̀. Kọ̀ọ̀! Bọ́ọ̀lù lọ sókè.

"Ẹ mú un, mà."

"Ìwọ mú un."

Gbì!

Àwọn ọmọ Ìyìn sáré wọ ilé, ibi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ó di ẹyọ fún wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin ọmọlúàbí!"

Ó dun Oore-ọ̀fẹ́ gan-an.

Nígbà tó yá, Fájuyì fi ẹyọ kan ṣíwájú. Ó ku kí wọ́n lé ọmọ Ìyìn méjì jáde kí eré parí. Àmọ́ ọ̀kan ti wà nítòsí ilé. Bó bá fẹsẹ̀ kan ilé, wọ́n ta ọ̀mì.

Kọ̀ọ̀! Bọ́ọ̀lù lọ sókè, sókè, sókè.

Mùlíkàt ń sáré bọ̀. Oore-ọ̀fẹ́ ń sáré bọ̀.

"Tèmi ni, mà." Ohùn rẹ̀ kéré bíi ti ẹ̀fọn.

"Kí lo wí?"

"TÈMI NI, MÀ!"

Mùlíkàt yà, fìrì! Bọ́ọ̀lù wọ inú ìbọ̀wọ́, pàá! Ẹni tó gbá a ti jáde.

Oore-ọ̀fẹ́ kúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. "Àǹtí, ẹ má bínú. Mo pariwo mọ́ yín."

"Kúnlẹ̀ lọ́la!" ni Mùlíkàt ké. "Jù ú! Ẹnì kejì ń sáré lọ sílé!"

Oore-ọ̀fẹ́ jù ú lórí ìkúnlẹ̀. Fíììì! Ṣọlápé hán an nílé, ó fi kan ọmọ Ìyìn náà kó tó fẹsẹ̀ kan ilé, pẹ́!

"Ó ti jáde!"

Fájuyì borí! Gbogbo wọn ń fò, wọ́n ń dì mọ́ra wọn.

Tíṣà Bámgbóyè sáré dé. "Oore-ọ̀fẹ́! Ta ló kọ́ ẹ ní irú jíjù yìí?"

"Màmá mi ló kọ́ mi ní ìkúnlẹ̀, sà," ni Oore-ọ̀fẹ́ dáhùn. "Jíjù ni mo fi kún un."