Ìpín Tuyara Nídìí Àwọ̀n

Ẹ̀yin tèmi, ṣé ara yá? Ẹ fa àga yín súnmọ́ mi, òfófó aládùn ni mo gbé dé, ti abúlé wa níbí ní ilẹ̀ Saka, ní àríwá Rọ́ṣíà.

Ayhal, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Bàbá Prokop bí, ló ń gun ẹṣin bọ̀ lọ́jọ́ náà tó rí ọmọbìnrin kan tó dojú bolẹ̀ gbalaja lórí adágún tó ti dì. Ó bẹ́ sílẹ̀, ó sáré, ó fà á léjìká. Ọmọge gbójú sókè, òtútù ti sọ irun ìpéǹpéjú ẹ̀ di funfun báláú.

"Kí ló dé tó o ń fà mí? Afẹ́fẹ́ tó há sínú yìnyín ni mò ń wò."

"Mo rò pé o ti kú ni."

"Òkú ló ń dá ẹ lóhùn yìí?"

"Tó bá jẹ́ báyìí ni òkú ṣe ń rẹwà, mo ti kó lọ sí itẹ́ òkú nìyẹn."

Tuyara lorúkọ ẹ̀, iṣẹ́ ìwádìí ló gbé e wá láti ìlú ńlá. Sátẹ́láìtì kan wà lókè lọ́hùn-ún tó ní rédà, òkùnkùn ò dí i, ìkùukùu ò dí i, ó ń ya àwòrán adágún wa. Ibi tómi wà lábẹ́ yìnyín á funfun nínú àwòrán, ibi tí yìnyín ti dì kanlẹ̀ dénú ẹrẹ̀ á dúdú. Tuyara wá ń lu ihò kiri láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ayhal ní òun á bá a lù ú. Irú ihò wo ni tíì àti ẹ̀rín ò tán nídìí ẹ̀, ẹ bá mi bi wọ́n.

Nígbà tí Ayhal ní òun fẹ́ fi í ṣaya, àfi bí Bàbá Prokop ṣe fárígá. "Ọmọ ìlú ńlá tó ń ti ojú ọ̀run wo adágún wa? Kí yìnyín tó yọ́, á ti lọ. Ìyàwó tó máa jókòó tini ni mo fẹ́."

Ayhal ò sì ní fẹ́yàwó tí bàbá ẹ̀ ò bá lóhùn sí i.

Ó wá di àsìkò múńkà, àwọ̀n ńlá tí gbogbo abúlé jọ ń fà lábẹ́ yìnyín. Bàbá Prokop ló máa ń yan ibi tá a ti máa fà á. Ó yan ẹ̀gbẹ́ àwọn igi funfun. Tuyara wo ibẹ̀ nínú àwòrán sátẹ́láìtì: dúdú kirikiri. Omi ti fà lọ́dún yẹn. Tó bá dákẹ́, gbogbo abúlé á fi bàbá ṣe yẹ̀yẹ́. Tó bá sọ̀rọ̀, ọkọ lè bọ́.

Kí èrò tó dé, ó lọ bá a. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lu ihò kan, èmi àtẹ̀yin nìkan."

"Sátẹ́láìtì ẹ ló rán ẹ?"

"Òun ni, sà. Tó bá parọ́, màá kó ẹrù mi lónìí."

Bàbá gbọ́ "kó ẹrù", kíá ló gbé irin. Ó lù ú, lù ú. Ẹrẹ̀ ló bá irin bọ̀. Tuyara rọra fẹsẹ̀ wọ́ yìnyín etí ibẹ̀ bo ihò náà.

"Èmi ò rí nǹkan kan o, Bàbá."

Nígbà tí èrò pé, bàbá ní ìhà kejì là ń lọ. Wọ́n ní kí ló dé? Ó ní orúnkún òun ló sọ bẹ́ẹ̀. Tuyara gé ètè jẹ kí ẹ̀rín má baà bọ́.

Ẹja ọjọ́ yẹn, ẹ ò rírú ẹ̀ rí. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í pín in nílé-nílé, títí kan opó tí ò lè jáde. Àwọn àlejò pàápàá ń gba tiwọn. Ó dé ọ̀dọ̀ Tuyara, ó fò ó. Gbogbo wa wojú ara wa. Omijé ti ń lé lójú ọmọbìnrin yẹn.

"Bàbá," Ayhal ní, "tàlejò yìí ńkọ́?"

"Àlejò wo?" Bàbá wọ́ àpò tó tóbi jù síwájú Tuyara. "Ilé kan, ìpín kan. Tilé wa rèé. Ìyàwó wa, gbé etí kan, kí ọkọ ẹ gbé ìkejì."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ mi, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ṣé ẹ máa bo àṣírí bàbá tó ń lé yín lọ, àbí ẹ máa jẹ́ kí ẹrẹ̀ ta sí i lójú?