Ìjókòó Tí Hámzàt Fi Sílẹ̀

Kúlíkúlí ni ọmọge kan ń rún lẹ́nu nígbà tó wọlé, ìborùn aláwọ̀ ọsàn lórí, bí ẹni wá síbi ìkómọ. Hámzàt, tó ń ta ẹ̀yà ara ọ̀kadà ní Tudun Wada, wò ó títí ó fi gbàgbé ohun tó gbé òun wá sí ọsibítù. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni. Òun náà ló gbé ọmọge wá.

Lọ́dún 1996 yẹn, àwọn dókítà ń dán àdàlù oògùn méjì wò lára àwọn tí kò tíì pé ogójì ọdún, nítorí wọn ò tíì mọ èyí tó sàn ju èkejì. Dókítà ò gbọdọ̀ yàn fúnni. Ẹnfilóòpù tí wọ́n ti lẹ̀ pa, tí orúkọ àdàlù kan wà nínú rẹ̀, ni wọ́n ń ṣí fún aláìsàn, bí wọ́n bá ṣe tò. Ó kan Hámzàt, ṣùgbọ́n ó rí i pé ẹsẹ̀ ọmọge ń gbọ̀n. Ló bá dìde fún un, ó ní kó jókòó, kó sì wọlé ṣáájú òun.

Hikmah ni orúkọ rẹ̀, tíṣà ní Barnawa. Láàárín oṣù méjì ní wọ́ọ̀dù, irun àwọn méjèèjì re tán, wọ́n ń jiyàn ta ni orí rẹ̀ ń dán jù. Hámzàt ń pè é ní Kúlíkúlí mi. Ìfẹ́ wọ̀ wọ́n lára ju oògùn lọ. Àmọ́ Alhaji Tàjúdéènì, bàbá Hikmah, kọ̀ jálẹ̀ pé wọn ò ní fẹ́ra. Ó ní aláìsàn kì í gbé aláìsàn pọ̀n.

Àdàlù Hámzàt jẹ́. Ti Hikmah ò jẹ́. Àìsàn padà dé, dókítà ní kò sí ohun tí àwọn lè ṣe mọ́. Ẹ gbà mí o, kí ló burú nínú kí ọkùnrin dìde fóbìnrin? Hámzàt gbà pé òun ló fà á. Dókítà ṣàlàyé títí pé ara ò dọ́gba, pé kò sẹ́ni tó lè mọ̀. Hámzàt ò gbọ́. Ó lọ jẹ́wọ́.

"Hikmah, ẹnfilóòpù tèmi ni wọ́n ṣí fún ọ."

"Mo mọ̀."

"O ò bínú?"

"Mo bínú fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé nínú gbogbo ọkùnrin tó jókòó níbẹ̀, ìwọ nìkan lo dìde."

Ìgbà tí Alhaji rí i pé ọmọ òun ń lọ, ó gbà. Ọjọ́ Jímọ̀ ni Ààfáà wá so yìgì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Alhaji ló wọlé kẹ́yìn, kò sì sí àga mọ́. Hámzàt sáré fẹ́ dìde fún àna rẹ̀. Hikmah di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, pẹ̀lú ìwọ̀nba agbára tó kù.

"Jókòó," ó ní. "Má dìde fún ẹnikẹ́ni mọ́."

Hámzàt jókòó. Orí ìdúró ni bàbá ìyàwó wà títí wọ́n fi so yìgì tán.