Má Tọwọ́ Kúrò Lára Búréèkì

Ajíbọ́lá kì í wo oníbàárà lójú. Ohun tí wọ́n bá gbé wá ló máa ń wò. Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì tí Adébùnmí kọ́kọ́ ti básíkù rẹ̀ wá sí ìdí iṣẹ́ rẹ̀ ní Apple Junction, rọ́bà búréèkì tó ti jẹ tán ló kọ́kọ́ rí, kó tó wá gbọ́ ohùn obìnrin náà.

"Ẹ káàárọ̀ o, Bọ̀dá. Ó máa ń dún gííí bí mo bá fẹ́ dúró."

"Irin ló ń ha irin, Àǹtí. Ta ló bá yín fọwọ́ kàn án?"

"Èmi náà ni. Mo wo fídíò."

"Fídíò yẹn fẹ́ pa yín ni."

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ajíbọ́lá ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀, torí kò fi ṣàwàdà. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni. Ìwé mẹ́fà ló kà. Ọ̀kadà ti gbá a rí ní Mile Two, ó fi oṣù mẹ́rin dùbúlẹ̀, láti ìgbà náà ló ti ń ṣọ́ ayé bí ẹni tó ń ṣọ́ ajá tí wọn ò so mọ́lẹ̀. Ó fi rọ́bà tuntun sí i, ó dán an wò lẹ́ẹ̀mẹta, ó tún dán an wò.

"Ẹ gbọ́, Àǹtí. L'Ékòó yìí, tírélà ń bọ̀ lẹ́yìn, ọ̀kadà ń yọ láti ibi tẹ́ ẹ ò fojú sí. Ẹ má tọwọ́ kúrò lára búréèkì. Nígbà kígbà. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ lọ ni."

"Mo ti gbọ́, Bọ̀dá mi."

Ó sì gbọ́ lóòótọ́.

Ó padà wá lọ́sẹ̀ kejì, táyà ni. Ó tún padà wá, ṣéènì ni. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, kò sí ohun tó ṣe básíkù náà mọ́, mọ́ínmọ́ín ewé méjì ló gbé dání, ó sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

"Bọ̀dá Bọ́lá, kí ló dé tẹ́ ẹ kì í wojú mi?"

"Básíkù yín ni mò ń wò."

"Básíkù mi ò lójú."

Sípánà bọ́ lọ́wọ́ Ajíbọ́lá. Níbẹ̀ ló ti mọ̀ pé ó ti parí fún òun. Ó fẹ́ràn obìnrin yìí. Tíṣà ni, ọkọ rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́jọ, ilé bàbá rẹ̀ ní Festac ló ń gbé. Òun ńkọ́? Ìyàwó tó fẹ́ ti kó jáde, ó ti pẹ́, ó ní òun ò lè bá ẹni tó ń bẹ̀rù òjìji ara rẹ̀ gbé.

Bàbá Charles ni wọ́n ń pe bàbá Adébùnmí, torí Charles ni àkọ́bí rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ní ìrọ̀lẹ́, á jókòó sí fàráńdà òkè, pẹ̀lú ìwé ìròyìn lọ́wọ́. Bí Ajíbọ́lá bá sin Adébùnmí délé, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu géètì. Bàbá á ní, "Ó o." Á ṣí ojú ewé tó kàn. Ó tán nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, Ajíbọ́lá ò tíì jìnnà tó fi gbọ́ wọn.

"Ọmọ tí mo rán lọ sí yunifásítì. Fọkanáísà, Bùnmi?"

"Kì í ṣe fọkanáísà, Dádì. Básíkù ló ń tún ṣe."

"Ìyẹn ló wá sàn jù?"

Ajíbọ́lá ò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Àmọ́ nígbà tílẹ̀ mọ́, Adébùnmí ti dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó ní kó má dá Dádì lóhùn, ọkàn òun ti gbé e, kò sì sọ ọ́ kalẹ̀.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ wà nígbà tí ẹgbẹ́ agun-básíkù tí Adébùnmí wà nínú rẹ̀ gbèrò àtilọ sí Mambilla, àwọn òkè gíga tó wà lọ́hùn-ún ní Taraba. Ọjọ́ mẹ́fà ni wọn yóò fi gun básíkù káàkiri orí òkè náà. Dennis, olórí ẹgbẹ́, ní bọ́ọ̀sì tí yóò kó ẹrù. Ohun tí wọn ò ní ni ẹni tí yóò máa tún básíkù ṣe.

"Ẹ tẹ̀ lé wa," ni Adébùnmí wí.

"Mi ò gun òkè rí láyé mi, Àǹtí. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì gan-an, ojú máa ń yí mi."

"Inú bọ́ọ̀sì lẹ máa wà. Tá a bá padà dé, èmi àti ẹ̀yin la jọ máa wọlé tọ Dádì lọ. Mi ò fẹ́ kí ẹ máa dọ̀bálẹ̀ síta mọ́."

Oṣù méjì ni ẹgbẹ́ náà fi múra. Ilẹ̀ Amúwo-Ọ̀dọ̀fin tẹ́ pẹrẹsẹ, bíríìjì nìkan ni òkè tí wọ́n ní. Ní ìdájí ọjọ́ Sátidé, wọn á gun bíríìjì Mile Two nígbà ogún, wọn á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Gígùn ni gbogbo wọn ń kọ́. Sísọ̀ kalẹ̀ rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú kan, ta ni yóò wá máa kọ́ ìyẹn?

Ó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n lọ ni Bàbá Charles pe Ajíbọ́lá láti òkè.

"Ìwọ lò ń tọ́jú básíkù ọmọ mi?"

"Èmi ni, sà."

"Òun nìkan ni obìnrin tí mo bí. Bó bá lọ ní odidi, tó sì bọ̀ ní odidi, àwa méjèèjì lè jọ sọ̀rọ̀. Bí nǹkan bá ṣe é, má ṣe dé ẹnu géètì yìí mọ́. Ṣé o gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́, sà."

Bàbá ṣì ń wò ó, bí ẹni tó ń retí ọ̀rọ̀ kan. Ẹ̀rù ò jẹ́ kí Ajíbọ́lá lè mí, áńbọ̀sì kó sọ̀rọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó lọ.

Ẹsẹ̀ òkè gbóná bí inú ààrò, igbó dí gììrì. Bí wọ́n ṣe ń gùn ún, kọ́nà lórí kọ́nà, igbó ń tán, afẹ́fẹ́ ń tutù. Nígbà tó yá, àwọsánmọ̀ ti wà nísàlẹ̀ wọn. Orí òkè wá ṣí sílẹ̀: koríko tútù nìkan, òkè kéékèèké tó ká lé ara wọn bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ́ po, màlúù funfun níhìn-ín, oko tíì lọ́hùn-ún, omi tó ń já láti ara àpáta. Àwọn yòókù ń ya fọ́tò. Ilẹ̀ inú bọ́ọ̀sì ni Ajíbọ́lá ń wò, ó sì wọ súwẹ́tà méjì léra.

Ní Gembu, ní ọjọ́ kẹta, Adébùnmí fà á lọ́wọ́ lọ sí orí òkìtì kan.

"Ẹ lajú. Mo di ọwọ́ yín mú."

Ó lajú. Ayé tẹ́ lọ títí, kò lópin. Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò mọ̀ bóyá ẹ̀rù ni tàbí ayọ̀.

"Bọ́lá," ni obìnrin náà wí. Kò fi Bọ̀dá sí i. "Má pè mí ní Àǹtí mọ́. Mo fẹ́ ẹ."

"Èmi náà fẹ́ yín," ni Ajíbọ́lá wí. Ahọ́n rẹ̀ ò tíì lè yí "yín" náà padà.

Ọjọ́ kẹfà ni wọ́n máa sọ̀ kalẹ̀. Ìlú kékeré kan létí òkè ni wọ́n sùn sí. Nígbà tí Ajíbọ́lá jí, Dennis ti gbé bọ́ọ̀sì lọ wá epo, àwọn mẹ́ta yòókù ṣì ń di ẹrù. Adébùnmí ti lọ ṣíwájú. Ó ní òun fẹ́ rí kùrukùru kí oòrùn tó lé e.

Ajíbọ́lá lọ ra tíì gbígbóná. Ẹni tó ń tà á jẹ́ ọlọ́kadà tẹ́lẹ̀, pijin ló ń sọ. Ó wo básíkù tí wọ́n fi ti ògiri, ó bi í pé ṣé ẹ̀yin ará Èkó mọ bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè yìí.

"A máa ń di búréèkì mú dáadáa," ni Ajíbọ́lá dáhùn.

Ọkùnrin náà mi orí. Ó ní ohun tó ń pa àlejò níbẹ̀ gan-an nìyẹn. Bí èèyàn bá di búréèkì mú láti òkè dé ìsàlẹ̀, ríìmù á gbóná bí irin alágbẹ̀dẹ, táyà á bú gbàù bí ìbọn. Ó ní ńṣe là ń tẹ̀ ẹ́ ká tú u sílẹ̀, tẹ̀ ẹ́, tú u sílẹ̀, ká sì dúró kí irin tutù.

Tíì dà sí Ajíbọ́lá lẹ́sẹ̀. Kò mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ má tọwọ́ kúrò lára búréèkì. Nígbà kígbà. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Òun ni. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà.

Ó pe fóònù Adébùnmí, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó tún un pè. Ó wo ojú ọ̀nà, kò rí bọ́ọ̀sì. Ó wá gbé básíkù tó wà lára ògiri, ó sì gorí rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ tí ọ̀kadà ṣẹ́ lọ́jọ́sí tẹ pẹ́dà.

Kọ́nà kìíní. Kò sí nǹkan kan lápá òsì rẹ̀, àfi afẹ́fẹ́ àti kùrukùru. Básíkù já wálẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn bá ju òkúta. Ìka rẹ̀ dì mọ́ búréèkì. "Tú u sílẹ̀," ló ń sọ fún ọwọ́ ara rẹ̀. "Tú u sílẹ̀, ojo!" Ó tú u. Atẹ́gùn gbá a létí. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó tú u. Kọ́nà kejì, ìkẹta. Màlúù kan yọ nínú kùrukùru, ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó ń ké pe Ọlọ́run, ó ń sunkún, kò sì dúró.

Ní kọ́nà kẹjọ, ó rí àjákù táyà lójú títì. Ó rí básíkù nínú gọ́tà, ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ kọjú sókè. Kò rí èèyàn.

"Bùnmi! Bùnmi! Ńbo lo wà?"

"Bọ́lá... mo wà ńbí."

Ó wà nínú koríko, àgbọ̀n rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, ọwọ́ òsì rẹ̀ ti wú. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí i, bèbè òkè ni.

"Mi ò tọwọ́ kúrò o," ló ń wí, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. "Bó o ṣe kọ́ mi, mi ò tọwọ́ kúrò rárá. Mi ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀."

Ajíbọ́lá kúnlẹ̀, ó gbé orí rẹ̀ mọ́ àyà. Ó fi túùbù básíkù di ọwọ́ náà mọ́ pọ́ọ̀ǹpù kó má baà mì. Lẹ́yìn náà ló sọ fún un, láìfi nǹkan kan pamọ́, pé ọ̀rọ̀ òun ló fẹ́ pa á.

Adébùnmí fi ọwọ́ kejì di apá rẹ̀ mú. "Gbọ́, olówó orí mi. Màlúù ló já lu ọ̀nà. Ohun tá a máa sọ fún Dádì nìyẹn. Bó bá gbọ́ òtítọ́ yìí, ó ti tán fún àwa méjèèjì."

Ajíbọ́lá gbójú sókè. Ó ń gbọ́ ìró bọ́ọ̀sì Dennis lókè.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n dé Festac. Wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì di ọwọ́ Adébùnmí ní ọsibítù. Bàbá Charles rí i láti òkè. Ìwé ìròyìn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rọra sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó dúró sẹ́yìn géètì, kò ṣí i.

"Kí ló ṣe é?"

"Màlúù ni, Dádì," ni Adébùnmí wí kíákíá. "Màlúù kan ṣàdédé..."

"Kì í ṣe màlúù, sà."

"Bọ́lá!"

"Kì í ṣe màlúù." Ajíbọ́lá ti dọ̀bálẹ̀, ojú rẹ̀ wà nínú erùpẹ̀. "Èmi ni mo sọ fún un pé kó má tú búréèkì sílẹ̀. Bá a ṣe ń ṣe é níbí ni mo kọ́ ọ. Mi ò mọ̀ pé tòkè yàtọ̀. Táyà bú. Èmi ni mo ṣe é, sà. Mo kàn ní kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ ni. Mi ò ní dé ibí mọ́."

Ó dìde, ó yí padà. Adébùnmí ti ń sunkún.

"Dúró." Ohùn bàbá náà ti yí padà. "Ṣé ibi tí òkè ti dà bí ògiri yẹn ni? Kẹ́ ẹ tó dé odò ìsàlẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Iṣẹ́ ìjọba gbé mi lọ sí Yola nígbà tí wọ́n ṣì ń pe ìpínlẹ̀ náà ní Gongola. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo gba ọ̀nà yẹn. Dírẹ́bà mi jó búréèkì Land Rover ìjọba ní kọ́nà kan náà, Ọlọ́run ló yọ wá." Ó di irin géètì mú. "Mo mọ̀ ọ́n. Mo jókòó lókè yìí, mo mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tí mo pè ọ́, kí ló dé tó ò bi mí léèrè ohun kóhun?"

"Ẹ̀rù yín ló ń bà mí, sà."

Bàbá Charles tú irin géètì sílẹ̀. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo sìmẹ́ńtì náà, ó wo erùpẹ̀ tó wà lójú Ajíbọ́lá.

"Odidi ọdún kan ààbọ̀ lo fi ń dọ̀bálẹ̀ síta," ló wí. "Èmi náà ò sì bi ọ́ ní nǹkan kan. Àwa méjèèjì la ṣẹ́ ọmọ yìí lọ́wọ́."

Ó yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, ó ṣí géètì.

"Ta ni àgbà yín?"

Ajíbọ́lá nu erùpẹ̀ ojú rẹ̀. Ó mọ ohun tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin. "Ẹ̀gbọ́n màmá mi wà ní Raji Rasaki Estate, sà."

"Kí wọ́n wá rí mi lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Wọlé, jókòó. O ò ní dúró sẹ́nu ọ̀nà sọ ìyókù fún mi."

Wọ́n wọlé. Adébùnmí nu ojú, ó ń lọ gbé omi wá pẹ̀lú ọwọ́ kan tó kù. Bàbá rẹ̀ dá a dúró.

"Ìwọ jókòó tì mí." Ó kọjú sí Ajíbọ́lá, tó ṣì dúró gbọnrangandan láàárín pálọ̀. "Lọ gbé omi wá fún wa. Kíṣìnnì wà lápá òsì."